Àyà Tó Ń Sáré Ju Típà Lọ

Nígbà tí wọ́n ń kọ́ Àbújá bí ẹni ń kọ́lé tí àlejò ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí eruku kò jẹ́ kí a mọ ẹni tó pupa láti inú ìyá rẹ̀ wá àti ẹni tí ọ̀nà ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, ọkùnrin kan wà ní Kúje tí kì í jókòó. Sùlàímọ́nù lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìwó, awakọ̀ típà. Bó bá ń jẹun, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan á wà lóde. Bó bá ń kírun, kí lèmọ́mù tó sálámà tán, bàtà ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ kan wà tó sùn lọ, òjìji rẹ̀ dìde, ó jáde lọ wo táyà ọkọ̀, ó sì padà wá sùn tì í. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi Gàníyátù ìyàwó rẹ̀. Òun ló ṣílẹ̀kùn fún òjìji náà.

Iyanrìn ni Sùlàímọ́nù ń kó. Láàárọ̀ kùtù yóò ti dé etí odò Ùsùmà, wọn yóò fi ṣọ́bìrì kún ẹ̀yìn ọkọ̀ fún un, yóò sì wà á lọ sí Garki níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé ìjọba. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́ ni, ìgbà mìíràn ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ṣùgbọ́n típà náà kì í ṣe tirẹ̀. Ti Àlàájì Bùsàrí ni, olórí gbogbo ọmọ Ìwó tó wà ní Kúje, bàbá onírùngbọ̀n funfun tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bó bá wúkọ́ lásán, àwọn awakọ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á lọ yẹ bíréèkì wò. Òfin kan ṣoṣo ló fi lé wọn lọ́wọ́: ẹni tí ara rẹ̀ kò dá kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Awakọ̀ kan ti fi ibà pamọ́ fún un rí. Inú kòtò ni wọ́n ti rí ọkọ̀ náà, awakọ̀ náà kò sì jáde níbẹ̀ láàyè.

Iṣẹ́ kejì wà tí Sùlàímọ́nù ń ṣe, èyí tí ẹnikẹ́ni kò san nǹkan kan fún un lé lórí, tó sì fi ń yangàn ju típà lọ. Ní Kúje nígbà náà, wọn kì í fi káàdì pe ènìyàn síbi ìyàwó. Obì ni wọ́n fi ń pè é. Àwọn Hausa ń pè é ní goro, àwa ń pè é ní gbànjà. Bí odidi kan bá ti wọ ọwọ́ rẹ, o ti mọ̀ pé wọ́n ti dá ọjọ́, o sì gbọdọ̀ wá. Àwọn ọmọ Ìwó wá fi tiwọn kún un: ẹni tó gbé obì wá ni yóò pa á, òun ni yóò sì kọ́kọ́ jẹ awẹ́ kan, kí onílé lè mọ̀ pé inú kan ni wọ́n fi gbé e wá. Ta ló wá ń gbé obì kiri bí kò ṣe ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń dé Gwàgwàládà, Garki, Ìdù àti Kado lọ́jọ́ kan ṣoṣo? Olóbì ni wọ́n ń pè é. Bó bá yọ lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn obìnrin á ti máa béèrè pé, "Ọmọ ta ló ń lọ sílé ọkọ?"

Nínú oṣù kẹta ọdún 1986, òjò kò tíì rọ̀, ooru sì mú débi pé aláǹgbá ń gbé ẹsẹ̀ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan kí ilẹ̀ má baà jó o. Sùlàímọ́nù wà lórí ìlà ọkọ̀ létí odò, ó ń retí kó kàn án. Lójijì ni àyà rẹ̀ ta pọ́n-ún, bí ẹja ààyè tí wọ́n dà sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ó tún ta. Lẹ́yìn náà ló ki eré mọ́lẹ̀, kì-kì-kì-kì, bí ìgbà tí obìnrin méjì tó ń bínú síra wọn bá jọ ń gún iyán nínú odó kan. Ó bọ́ sílẹ̀ kó lè rí atẹ́gùn gbà. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe kan ilẹ̀, ojú rẹ̀ ṣú, etí rẹ̀ ń hó, òógùn tútù bò ó. Ó gbá táyà mọ́ra bí ẹni tó rí ìyá rẹ̀.

"Kai, direba! Sànnu fa!" Ọ̀kan nínú àwọn tó ń bu iyanrìn ló ń kí i bẹ́ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó rò pé táyà ló ń yẹ̀ wò.

Ó kọjá lọ. Sùlàímọ́nù nu ojú, ó gòkè padà, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ló fẹ́ sọ? Bí ọ̀rọ̀ náà bá dé etí Àlàájì, kọ́kọ́rọ́ ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Awakọ̀ tí kò ní kọ́kọ́rọ́, ẹlẹ́sẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ohun tí ń bẹ láyà kò ṣeé fi pamọ́ fún ẹni tí ẹ jọ ń sùn.

"Bàbá Sàlímọ́tù, kí lẹ ń wá láyà?" Gàníyátù ló béèrè bẹ́ẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta.

"Kí ni mo ń wá?"

"Látìgbà tẹ́ ẹ ti wọlé, ọwọ́ yín ò kúrò níbẹ̀. Ẹ dì í mú bí ẹni tó di àpò mú láàárín ọjà."

"Ooru ni."

"Ooru!" Gàníyátù gbé ọbẹ̀ kalẹ̀, ó fọwọ́ lé ìbàdí. "Ẹ gbọ́, ọkùnrin tí àyà rẹ̀ bá ń lù tó báyìí, obìnrin ló ń sá fún tàbí obìnrin ló ń sá lọ bá. Ta ló wà ní Gwàgwàládà?"

"Iyanrìn ló wà ní Gwàgwàládà!"

"Iyanrìn náà lórúkọ."

Ẹlòmíràn tó fura ni Mùkáílà, wẹ́dà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti Ìwó, ọkùnrin tó mọ oògùn gbogbo àrùn àyàfi ti ẹnu tirẹ̀.

"Súlè, ẹ̀jẹ̀ ríru ni," ó ní, kò tiẹ̀ ṣí gọ́gùlù kúrò lójú. "Má jẹ iyọ̀ mọ́."

Ọjọ́ mẹ́ta ni Sùlàímọ́nù fi jẹ ọbẹ̀ tó dà bíi pé wọ́n ti fi omi ṣan án kí wọ́n tó gbé e wá. Àyà ń sáré sí i. Òòyì wá ń kọ́ ọ bó bá ti orí ìforíkanlẹ̀ dìde ní mọ́sálásí. Orí sì ń fọ́ ọ lọ́sàn-án, tó fi ń da oògùn ẹlẹ́búlẹ́bú sórí ahọ́n láìmu omi. Ó padà lọ bá Mùkáílà.

"Á jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ ni kò tó," Mùkáílà sọ. "Máa jẹ iyọ̀ padà."

"Ìwọ lo ní kí n má jẹ ẹ́ mọ́!"

"Ọjọ́ Ajé nìyẹn. Ọjọ́bọ̀ lòní." Ó wá na apẹ̀rẹ̀ kan sí i, ó kún fún gbànjà pupa àti funfun, ewé tútù bò ó. "Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án tí Wàsílátù ọmọ mi ń lọ sílé ọkọ. Ìwọ náà ló máa gbé e kiri o. Ta ló tún mọ ilé gbogbo èèyàn?"

Inú Sùlàímọ́nù dùn. Ní Ọjọ́bọ̀ yẹn ó wọ ilé mẹ́fà. Lọ́jọ́ Jímọ̀, mẹ́sàn-án. Láti àárọ̀ di ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó ti wọ mọ́kànlá, bó ti ń já iyanrìn ló ń pa obì, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ikùn rẹ̀ sì ṣófo bí apẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìyàwó.

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta náà ló ṣẹlẹ̀. Ó kó iyanrìn kún ọkọ̀, ó ń sọ̀kalẹ̀ níbi ọ̀nà ti ṣẹ́ kọ́rọ́ lẹ́bàá igi ẹmi ńlá kan. Àyà rẹ̀ fò. Ó sáré, ó fò, ó dúró fún ìgbà tó gùn tó kí ènìyàn pe orúkọ ìyá rẹ̀, ó tún sáré. Ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í sún kì láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, àfi bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn. Ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ pátápátá, ó fi orí lé sítíárìn.

Nígbà tí ojú rẹ̀ là, obìnrin Gwari àgbàlagbà kan ló rí níwájú ọkọ̀. Ó gbé ìdì igi lé èjìká bí wọ́n ti máa ń gbé e. Àárín òun àti bọ́ńpà kò tó ìgbésẹ̀ kan. Kò pariwo. Kò ṣépè. Ó kàn ń wo Sùlàímọ́nù. Lẹ́yìn tó wò ó tó, ó gbé igi náà kúrò ní èjìká ọ̀tún sí tòsì, ó sì kọjá.

Láti ìgbà yẹn, kò tún sí ìsinmi. Bó bá dijú, obìnrin náà á gbé igi láti ọ̀tún sí òsì. Bó bá lajú, àyà á béèrè pé, ṣé o ti jí? Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́, ó ti lọ jókòó sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní Kúje, ní ibi tí Nọ́ọ̀sì Bámiṣayọ̀, obìnrin Kàbbà tí ojú rẹ̀ kì í tètè rẹ́rìn-ín, ti ń rí àwọn aláìsàn.

Lẹ́yìn tó gbọ́ ti àyà, ti obìnrin onígi àti ti oògùn ẹlẹ́búlẹ́bú, ó ní kí Sùlàímọ́nù dùbúlẹ̀, ó fún apá rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ, ó ní kó dìde, ó tún fún un. Ó wo inú ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó fọwọ́ tẹ ọrùn rẹ̀ bóyá gẹ̀gẹ̀ wà níbẹ̀. Ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń wo aago.

"Ṣé àyà máa ń dùn yín tó bá ṣe bẹ́ẹ̀? Ṣé ẹ ti ṣubú dákú rí?"

"Rárá. Ó kàn máa ń kù díẹ̀."

"Ẹnikẹ́ni ti kú lójijì nílé yín, láìṣàìsàn?"

"Bàbá mi àgbà."

Nọ́ọ̀sì gbé bírò. "Kí ló ṣe wọ́n?"

"Wọ́n já bọ́ lórí ọ̀pẹ."

Nọ́ọ̀sì gbé bírò kalẹ̀. "Bàbá Sàlímọ́tù, bí ẹ́ńjìnnì yín bá ń sáré lórí ìdúró, kí lẹ máa kọ́kọ́ wò?"

"Omi. Lẹ́yìn náà epo, kí n tó wo pọ́lọ́ọ̀gì. Ẹni tó bá sáré tú ẹ́ńjìnnì, ọmọ iṣẹ́ ni."

"Ó dáa. Nǹkan tó ń mú àyà sáré pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí kò tó lè ṣe é. Ibà lè ṣe é, gẹ̀gẹ̀ lè ṣe é, ìbẹ̀rù nìkan lè ṣe é. Àyà fúnra rẹ̀ sì lè máa ṣàìsàn, ìyẹn ni mi ò lè fojú rí níbí. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí omi. Ife omi mélòó lẹ mu lánàá?"

"Omi? Nọ́ọ̀sì, bí awakọ̀ bá ń mu omi, gbogbo igbó ni yóò máa dúró kí."

"Oúnjẹ àárọ̀ ńkọ́?"

"Mo máa ń jẹun tí mo bá délé nírọ̀lẹ́."

"Ọtí? Kọfí? Obì?"

"Obì kẹ̀! Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n ò fi kọ́bọ̀ mi ra obì rí. Kì í ṣe tèmi rárá."

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò jẹ obì. Ó wá kọ ìwé sí ilé ìwòsàn ńlá ní Gwàgwàládà, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ ya ìrìn àyà rẹ̀ sórí bébà. "Títí dìgbà yẹn, ẹ má wakọ̀. Bó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ dùbúlẹ̀ níbikíbi tẹ́ ẹ bá wà, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín sókè ju orí lọ. Bó bá mú ìrora àyà dání, tàbí tẹ́ ẹ bá dákú lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n gbé yín wá lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n má dúró kí ẹnikẹ́ni."

"Nọ́ọ̀sì, bí n ò bá wakọ̀, Àlàájì á gba kọ́kọ́rọ́."

"Típà ò lè dákú, Bàbá Sàlímọ́tù. Ẹ̀yin lẹ lè dákú."

Ó dúpẹ́, ó jáde, ó sì ṣe ohun tí gbogbo aláìgbọràn ń ṣe: ó ní ó di ọjọ́ Jímọ̀ kí òun tó lọ sí Gwàgwàládà. Ó wakọ̀ lọ sódò, jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ẹyin. Gbogbo ibi tó bá ti rí ènìyàn lẹ́bàá ọ̀nà ló ti ń tẹ fèrè, ó tẹ fèrè fún ewúrẹ́, ó tẹ fèrè fún ìkòkò tí wọ́n gbé kalẹ̀. Obì ọmọ Mùkáílà sì kù nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ kò ṣeé pa tì. Ilé mẹ́rin ló wọ̀ kí oòrùn tó rọ̀. Ìkarùn-ún ni ilé Nọ́ọ̀sì Bámiṣayọ̀, nítorí òun ló gbẹ̀bí Wàsílátù ní ọdún mélòó sẹ́yìn? Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ díẹ̀: ẹ̀bí àbúrò Wàsílátù ló gbà, kì í ṣe ti Wàsílátù. Ó kúkú tó láti pè é.

Nọ́ọ̀sì ń ka aṣọ lórí okùn nígbà tó wọlé. Sùlàímọ́nù kí i, ó jẹ́ iṣẹ́ Mùkáílà, ó mú gbànjà kan jáde, ó pa á, ó ju awẹ́ kan sẹ́nu, ó ń rún un, ó sì na èyí tó kù sí i.

Nọ́ọ̀sì kò gbà á. Aṣọ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí lẹ jẹ yẹn?"

"Obì ìpè ni."

"Láàárọ̀ yìí, ẹ ní ẹ kì í jẹ obì."

"N kì í jẹ ẹ́! Èyí kì í ṣe jíjẹ. Iṣẹ́ ni. Ẹni tó gbé e wá ni í kọ́kọ́..." Sùlàímọ́nù gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ dúró lórí obì náà.

"Ilé mélòó lẹ wọ̀ lónìí?"

"Márùn-ún péré."

"Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tẹ́ ẹ fẹ́ tẹ obìnrin yẹn mọ́lẹ̀ ńkọ́?"

Ó ronú. "Mọ́kànlá."

"Awẹ́ mọ́kànlá, nínú ikùn òfìfo, láìmu omi. Ohun tó wà nínú obì tó ń lé oorun lọ, òun náà ló ń na àyà lẹ́gba. Oògùn ẹlẹ́búlẹ́bú tẹ́ ẹ ń lá, irú rẹ̀ wà nínú àwọn kan." Ó tẹ́ ọwọ́ sábẹ́ ẹnu rẹ̀ bí ìyá ṣe ń ṣe fún ọmọ tó jẹ erùpẹ̀. "Ẹ tu ú."

Sùlàímọ́nù, ọmọ ogójì ọdún, bàbá ọmọ mẹ́ta, tu obì sí ọwọ́ Nọ́ọ̀sì.

"N ò sọ pé obì nìkan ni o," obìnrin náà sọ. "Gwàgwàládà náà ń dúró dè yín. Ṣùgbọ́n látòní lọ, kò gbọdọ̀ kan ahọ́n yín."

Obì kan ṣoṣo ló kù nínú apẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ti Àlàájì Bùsàrí ni. Ẹni tó dàgbà jù ni wọ́n ń fi kádìí obì ìpè.

Àlàájì wà lábẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé, lórí awọ àgbò. Sùlàímọ́nù dọ̀bálẹ̀, ó jẹ́ iṣẹ́, ó gbé obì náà kalẹ̀ lórí ewé. Àlàájì wo obì. Ó wo Sùlàímọ́nù.

"Pa á."

Ó pa á. Awẹ́ méjì jókòó sórí ewé, wọ́n pupa bí ojú ẹni tí kò sùn. Àlàájì kò fọwọ́ kàn án. Ó ń dúró. Eṣinṣin kan bà lé awẹ́ kan, ó rìn yí i po, ó fò lọ. Àyà Sùlàímọ́nù ti bẹ̀rẹ̀, kì-kì-kì, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì jẹ nǹkan kan. Bó bá jẹ ẹ́, yóò tún gun ọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ láyà. Bí kò bá jẹ ẹ́, ó ti gbé májèlé wá fún àgbà nìyẹn. Bó bá sọ ìdí rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ti lọ.

"Sùlàímọ́nù," Àlàájì sọ, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Kí ló wà nínú obì Mùkáílà?"

"Kò sí nǹkan kan, Àlàájì."

"Jẹ tìẹ."

Sùlàímọ́nù nawọ́, ó mú awẹ́ náà dé ẹnu. Ó wá rí obìnrin Gwari yẹn, ó ń gbé igi láti ọ̀tún sí òsì. Ó dá a padà sórí ewé.

"Àlàájì, bí mo bá jẹ ẹ́, ọkọ̀ yín ni mo máa fi jẹ ẹ́. Èèyàn ni mo máa fi jẹ ẹ́." Ó sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: etí odò, òòyì, bíréèkì, obìnrin onígi, Nọ́ọ̀sì, gbogbo rẹ̀ pátá, ó tiẹ̀ sọ ti ọbẹ̀ tí kò níyọ̀.

Àlàájì gbọ́ ọ tán. Kò bínú. Ó na àtẹ́lẹwọ́, ó ṣí i. Sùlàímọ́nù yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó gbé e lé e.

"Bébà dókítà ni kó o mú wá," Àlàájì sọ. "Kì í ṣe ẹnu rẹ."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi wà láìní kọ́kọ́rọ́, ẹ sì mọ ẹni tí kì í jókòó. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ tí kò jẹ obì, orí fọ́ ọ bíi pé Mùkáílà ń jó irin nínú rẹ̀. Ó mu omi títí ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́ fi mọ orúkọ rẹ̀. Gàníyátù ń gbé ògì àti mọ́ínmọ́ín síwájú rẹ̀ láàárọ̀, ó dúró tì í títí tó fi jẹ ẹ́ tán. "Iyanrìn Gwàgwàládà ń kí yín o," ni yóò máa wí. Sàkáríyà, awakọ̀ mìíràn, ló ń wa típà rẹ̀, bó sì ti ń pààrọ̀ jíà, ọkọ̀ ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ ìrù rẹ̀. Sùlàímọ́nù á bọ́ síta, á di etí, á tún wọlé, á tún bọ́ síta.

Lọ́jọ́ kẹrin, àyà náà ta lẹ́ẹ̀kan. Ó dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ pálọ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé àga. Eré àyà náà rọlẹ̀ kí Gàníyátù tó kígbe tán.

Lọ́jọ́ karùn-ún ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ibi igi ẹmi yẹn. Ó dúró ní ojú ibi tí obìnrin náà dúró sí, ó ń wo ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà sọ̀kalẹ̀. Obìnrin náà sì wá, tòun ti igi rẹ̀. Sùlàímọ́nù dọ̀bálẹ̀ nínú eruku. "Sànnu," obìnrin náà sọ, ó yà á lẹ́nu, ó yí gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Láìsí típà lẹ́yìn rẹ̀, kò dá a mọ̀.

Ní Gwàgwàládà, wọ́n so wáyà mọ́ ọn láyà bí ẹni fẹ́ fi í gbọ́ rédíò. Ẹ̀rọ náà kọ ìwé gígùn jáde, dókítà kà á, ó ní àyà rẹ̀ fúnra rẹ̀ pé. Ẹ̀jẹ̀ ló dín díẹ̀. Wọ́n fún un lóògùn ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní kó máa jẹ ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, kó máa mu omi, kó fi obì àti oògùn ẹlẹ́búlẹ́bú sílẹ̀, kó sì padà wá lẹ́yìn oṣù méjì. Wọ́n kọ ọ́ sí bébà pé ó lè wakọ̀.

Ìyàwó Wàsílátù ti kọjá lọ́jọ́ tó gbé bébà náà dé abẹ́ igi máńgòrò. Wọ́n ní ó jókòó níbi ìyàwó náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìyẹn sì ni àwọn ènìyàn ń sọ títí dòní ju ẹwà ìyàwó lọ.

Àlàájì Bùsàrí ka bébà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó tì í bọ àpò. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ jáde, ó sọ ọ́, Sùlàímọ́nù hán an lójú òfurufú. Bí àgbà ti máa ń ṣe tí inú rẹ̀ bá dùn, Àlàájì mú gbànjà kan láti inú abọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó pa á, ó sì na awẹ́ kan sí awakọ̀ rẹ̀.

Àwọn méjèèjì wo ọwọ́ náà.

Àlàájì fà á padà, ó ju awẹ́ méjèèjì sẹ́nu ara rẹ̀, kó má baà ṣòfò. Ó rún un. Abọ́ obì yẹn kì í gbẹ lójúde rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá wá kí i ló ń mú un wá, gbogbo ẹni tó bá wá kí i ló sì ń bá jẹ ẹ́. Sùlàímọ́nù ti yí padà, ó ti ń sáré lọ síbi ọkọ̀, nígbà tó gbọ́ tí rírún náà dáwọ́ dúró.

"Sùlàímọ́nù."

Ó yíjú. Àlàájì ti gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àyà ara rẹ̀, lábẹ́ irùngbọ̀n, ó ń tẹ́tí sí nǹkan kan.

"Nọ́ọ̀sì Kàbbà yẹn," ó ní, "àdúgbò wo lo pe ilé rẹ̀?"